Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kì í Wọ Ọkọ̀ Apẹja

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọwọ́ tí Hoyt Tidwell ní kí ọwọ́ náà tó dà á, ẹ bi àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ní Lankford. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi ń tún ẹ̀rọ tí ń hun ìbọ̀sẹ̀ ṣe. Abẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ náà tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú, Hoyt a sì máa fi ìka yọ ọ́, á tún fi ìka dá a padà, á máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ láìwo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, tí wọ́n kó ẹ̀rọ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, kò mú nǹkan kan bọ̀ wálé ju ife kọfí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ. Ó kan ṣọ́ọ̀bù onígi kékeré kan sẹ́yìn ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìdẹ.

Ẹja onígi tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni ìdẹ náà. Báàsì la fi ń tàn jẹ, nítorí báàsì nìkan lẹja tí a kà sí ẹja ní adágún wa. Ìyókù, oúnjẹ ni. Ebi nìkan kọ́ ló ń mú báàsì jẹ ìdẹ. Ìbínú a máa mú un jẹ, ojú kòkòrò a máa mú un jẹ, bí ohun kékeré kan bá sì gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá láìkí i, á gbé e mì. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ apẹja wa náà, n ò ní dárúkọ. Hoyt mọ inú báàsì. Ó gbẹ́ ìdẹ tó ń mi ìdí nínú omi bí ẹja tí ara rẹ̀ kò yá, ó kùn ún ní àwọ̀ edé odò, ikùn pupa, ẹ̀yìn aláwọ̀ ẹrẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń ti ìlú mìíràn wá bẹ̀ ẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n kókó tó ń ta ló gbajúmọ̀ jù. Kókó tí a fi ń so ìdẹ mọ́ okùn ìwọ̀, kékeré ni, kò ju orí ìṣáná lọ, òun sì ni gbogbo iṣẹ́. O lè ra ọ̀pá tó dára jù láyé, bí kókó rẹ bá yọ̀, o ti fi ẹja ṣe sàárà. Hoyt a máa ta tirẹ̀ nínú àpò ẹ̀wù. Ní ọjọ́ òtútù kan, níbi tí gbogbo wa ti ń mu kọfí ní ilé epo tó wà lẹ́bàá omi, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó ta méje, ó fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí onídán, kò sí ẹyọ kan tó yọ̀.

Kò sì fi han ẹnikẹ́ni bó ṣe ń ta á. Ẹnikẹ́ni náà kò bi í. Ní Lankford, kókó ẹni lẹni ń ta. Bó ti wù kí ìwọ àti ẹnì kan mọwọ́ ara yín tó, o kò gbọdọ̀ bá a so ìdẹ mọ́ okùn rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ẹja ńlá bá bọ́ lórí kókó tí o ta, ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ tán. A ti rí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń jókòó ní ìpẹ̀kun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nítorí irú rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Hoyt fi dúró lẹ́yìn nínú ọkọ̀ ojú omi Dwain Scruggs, tí Dwain dúró níwájú, tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń yí ọkọ̀. Apínlẹ́tà ni Dwain kó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin gíga, ohùn rẹ̀ le bí ìgbà tí ajá ń gbó ọ láti ẹ̀yìn ọgbà. Èébú ni wọ́n fi ń bá ara wọn gbé. Bí Dwain bá ju ìdẹ sórí igi, Hoyt á ní, "Ẹyẹ lo fẹ́ pa ni?" Bí ẹja Hoyt bá kéré, Dwain á ní kó yára dá ọmọ ọlọ́mọ padà sílé ìwé. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé wọ́n fẹ́ jà.

Ọdún kẹjọ rèé tí Verna, ìyàwó Dwain, ti kú. Dwain ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, Hoyt gbé kọfí wá, ó jókòó sí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó ń sọ bí omi adágún ṣe ga tó. Kò dárúkọ òkú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ṣe é lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ kejìdínlógún ni Dwain tó dáhùn láti inú ilé pé, "Irọ́ lò ń pa, omi ò ga tó bẹ́ẹ̀." Ó sì jáde wá.

Ẹ ti rí irú ọ̀rẹ́ tí wọ́n jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tí Hoyt ṣe ní ọdún tó kọjá fi dùn mí, tí kò sì yà mí lẹ́nu.

Ìgbà tí igi ń wọ́wé lọ́wọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n bó bá jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kọfí ń dà sí i láyà. Imú rẹ̀ náà kò gbóòórùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà ìlú ńlá pe orúkọ àìsàn náà fún un, orúkọ gígùn, ó ní kò ní pa á kíákíá, ṣùgbọ́n kò ní lọ. Hoyt padà sílé, ó sì sọ fún Ouida ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

"Títí kan Dwain?" Ouida bi í.

"Dwain gan-an ni mò ń sọ."

"Ọkọ mi, Dwain kì í ṣe ará ìta."

"Ṣé o rántí Alton?" Hoyt dáhùn. Ouida rántí. Gbogbo wa la rántí Alton, apẹja ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí ojú Alton ń ṣókùnkùn, kò sí ẹni tó lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ṣojúure sí i ni. Wọ́n ní kó wá máa jókòó ti òṣùwọ̀n. Wọ́n ní kó wá máa bá wọn yí ẹja nínú epo gbígbóná lọ́jọ́ àjọ̀dún. Wọ́n ń fọwọ́ gbá a léjìká. Láti ìgbà náà títí tó fi kú, kò tún sí ẹni tó pè é sínú ọkọ̀ mọ́. Ojúure yẹn ni Hoyt ń sá fún. Bí wọ́n bá gba àyè ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò kù tí ó lè pè ní Hoyt.

Ẹni tó fẹ́ gba àyè náà kò sì jìnnà. Royce Gilliland, alága ẹgbẹ́ wa, ní ọkọ ọmọ kan, ọ̀dọ́kùnrin onígbọ̀nwọ́ líle tó lè ju ìdẹ sínú ife láti òdìkejì ojú ọ̀nà. Royce kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ nǹkan, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó ti bi Dwain ní gbangba bóyá kò rẹ̀ ẹ́ láti máa gbé arúgbó kiri.

Bẹ́ẹ̀ ni Hoyt bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbọ́n. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ló ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, á ti ilẹ̀kùn, á fún ọwọ́ ọ̀tún mọ́ àárín eékún, á fi òsì ta kókó. Ohun tó ń ṣe nínú àpò tẹ́lẹ̀, wákàtí méjì ló ń gbà á báyìí. Ọ̀pá mẹ́fà ló ń dì sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdẹ tirẹ̀, kí ó má bàa sídìí fún un láti ta kókó kankan lójú Dwain. Bí okùn ọ̀kan bá gé tàbí bó bá họ lára òkúta, á gbé e sílẹ̀, á mú òmíràn.

"Ọ̀pá mẹ́fà!" ni Dwain ń pariwo. "Ṣé o fẹ́ ṣí ọjà ni? Nígbà kan, ọ̀kan péré lò ń gbé, o sì ń yọ mí lẹ́nu tó."

"Ìwọ tí ò ń mú ẹyọ kan wá, kí lo fi pa?"

Dwain á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin tó pín lẹ́tà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó ti kọ́ láti mọ ilé tí nǹkan ń ṣe láìwọlé.

Ìdíje ẹlẹ́ni-méjì wa bọ́ sí oṣù kẹrin, nígbà tí báàsì ń wá sí etí omi láti yé ẹyin. Ẹja márùn-ún péré ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé wá sórí òṣùwọ̀n, láàyè, nínú àgbá omi inú ọkọ̀. A óò wọ̀n wọ́n, a óò sì dá wọn padà sómi. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún ìyá tó bí mi lọ́mọ, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, ó ní ṣé kò sí ohun tó ń ṣe mí níbẹ̀ ṣá. Ọkọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni yóò lọ ṣojú adágún wa níbi ìdíje ìpínlẹ̀. Dwain àti Hoyt kò tíì lọ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ti ṣe ipò kẹrin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó ti ọkọ̀ sómi, Dwain tú búrẹ́dì dídùn tí Ouida dì sínú bébà fàdákà, ó jẹ ègé méjì lórí ìdúró.

"Ouida á sọ mí di ọlọ́ràá," ó wí. "Ìwọ ò ní jẹ ni?"

"Mo ti yó," Hoyt dáhùn. Kò yó. Kò fẹ́ kí Dwain rí i níbi tí búrẹ́dì ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ òun.

Kí ó tó di aago mọ́kànlá, wọ́n ti ní mẹ́rin nínú àgbá, kò sí èyí tó tóbi. Ẹ̀fúùfù sì ń gbá ọkọ̀ sórí àwọn kùkùté tí omi bò mọ́lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá Hoyt ń bọ́ kúrò lójú ogun. Ìdẹ kan há sábẹ́ igi, ó já. Okùn èkejì họ. Ẹ̀kẹta lọ́ mọ́ra wọn tó fi dà bí ìtẹ́ ẹyẹ. Nígbà tí wọ́n dé etí ibùdó òṣíbàtà tó wà ní ẹnu odò kékeré, kò sí ọ̀pá kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ṣe é gbára lé mọ́. Ibi tí òṣíbàtà bá sì ti pọ̀ ní oṣù kẹrin, ibẹ̀ ni ìyá ẹja máa ń wà. Ó di dandan kó ta kókó.

Ó wo ẹ̀yìn Dwain. Dwain ń wo omi. Hoyt náà kọ̀yìn sí i, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ekòló rọ́bà dúdú kan àti ìwọ̀. Okùn kọ̀ láti wọ ojú ìwọ̀. Ó wọ̀ nígbà kẹrin. Ó yí i, ó tú. Ó tún un yí. Ó yẹ kéèyàn fi itọ́ tu kókó lára kó tó fún un pọ̀, nítorí kókó gbígbẹ a máa yọ̀, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ mọ èyí ní Lankford. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gbẹ itọ́ lẹ́nu Hoyt. Ó fún un bẹ́ẹ̀. Ó wò ó, ó jọ kókó. Kò fà á wò.

Ó ju ekòló náà sí ẹ̀gbẹ́ òṣíbàtà. Ó jẹ́ kó rì. Okùn rìn sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan ń yọ́ gbé e lọ, Hoyt sì fa ọ̀pá sókè. Ọ̀pá tẹ̀ dé ìdí.

"Dwain!"

"Mo rí i! Má jẹ́ kó wọ inú òṣíbàtà!"

"Ṣé mo fọ́jú ni? Gbé àwọ̀n!"

"Àwọ̀n ti wà lọ́wọ́ mi, ìwọ ṣáà mú un wá, jọ̀wọ́, mú un wá!"

Ẹja náà fò sókè nínú omi, ó gbọn orí, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Hoyt ń fà, ó ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀, ó tún ń fà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n rárá, ohun ìyanu gbáà. Ẹja dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Dwain kúnlẹ̀, ó ti àwọ̀n bọ omi. Ó ku ìwọ̀n apá kan. Ni ọ̀pá bá nà gbọọrọ, tí okùn dẹ̀. Ẹja náà dúró díẹ̀ lójú omi, bí ẹni tí kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti dá òun sílẹ̀, ó sì rọra wọlẹ̀ lọ.

Hoyt fa okùn rẹ̀ wálé. Okùn tí ẹja bá já, ẹnu rẹ̀ a máa gún tàbí kó họ. Èyí tí kókó rẹ̀ bá yọ̀, a máa ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí apẹja kan tí kò lè ka ìwé yìí. Ẹnu okùn Hoyt ká rìkọ̀tọ̀. Ó fi eyín gé e, ó tì í bọ àpò, nígbà tí Dwain ṣì doríkodò sórí àwọ̀n.

Nígbà tó pẹ́, Dwain nàró. Ó fa imú.

"Kí ni Ouida fi ṣe búrẹ́dì yẹn?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò tíì fẹnu kàn án."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni!" Ohùn Dwain ró dé òdìkejì omi. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀, Hoyt! Nínú ọkọ̀ mi! Mo mọ̀ pé adùn yẹn kò mọ níwọ̀n! Ọlọ́run mi, ẹ wo ohun tí Mísì Ouida fojú mi rí!" Ó gbé búrẹ́dì náà tòun ti bébà, ó kó bébà sápò, ó sì sọ ìyókù sínú adágún. Ìjàpá omi méjì yọ orí, wọ́n lé e lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe eré lọ́dọ̀ wa. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n apẹja tó bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ á yí padà sílé. Hoyt mí kanlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé òun bọ́, ojú sì ń tì í pé ẹ̀yìn ìyàwó òun lòun bọ́ sí.

Ẹja mẹ́rin gbé wọn sí ipò keje. Nídìí òṣùwọ̀n, Dwain dúró láàárín èrò, ó ń sọ ìtàn náà, ó ń fi apá wọn bí ẹja ṣe gùn tó, bó bá sì ti dé orí búrẹ́dì, gbogbo ènìyàn á fi ẹ̀rín bú. Royce ń nu ojú.

"Ọkọ ọmọ mi kì í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ o," Royce wí. "Ọjọ́ wo lo fẹ́ gbé e dání?"

Hoyt wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń gbọ́. Ó dúró de èsì. Dwain kàn rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà látòkè fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀rín yẹn ni Hoyt gbé wálé, kò jẹun alẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní orí ń fọ́ òun. Ní ọ̀sán, Ouida wọlé tòun ti fìlà lórí, ó sọ báàgì sórí tábìlì.

"Hoyt Tidwell, ta ló sọ pé mo se ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún yín?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá, Ouida."

"Kò kọjá! Ìyàwó Royce ki mí lójú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin pé ẹ kú iṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí o ti ń lọ sómi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò wọ àpò oúnjẹ rẹ rí. Nígbà tí o bá fẹ́ lọ sómi, n kì í rà á wọlé rárá! Elégédé ni! Elégédé tí mo fọwọ́ ara mi gbìn!"

Hoyt wò ó.

"Dwain ló ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ó jẹ ẹ́, ó mọ adùn ẹ̀."

"Dwain? Dwain tó dá mi dúró ní ilé ìtajà l'Ọ́jọ́bọ̀, tó ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe búrẹ́dì elégédé fún òun, pé ẹnu òun ń yun òun sí i? Gbogbo ọjọ́ ìbí Dwain ni mo ń ṣe é fún un láti ìgbà tí Verna ti kú! Bí Dwain bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, a jẹ́ pé..."

Ojú ọkọ rẹ̀ ti yí padà. Hoyt ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò àná tó wà lẹ́yìn àga, ó yọ ègé okùn kékeré kan, ó gbé e ka orí tábìlì. Ó ká sórí tábìlì náà bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Ouida kì í pẹja, ṣùgbọ́n ìyàwó apẹja ni. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó rí i," Hoyt wí.

"Ó rí i, ó sì bò ọ́." Ouida jókòó. Kò bínú mọ́. "Orúkọ mi ló fi bò ọ́, n óò bá a sọ ọ́ lọ́tọ̀. Dìde, kí o lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ."

Dwain wà lábẹ́ òrùlé tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, ó ń fi gíríìsì kun ìdí táyà kẹ̀kẹ́ tí ń fa ọkọ̀ ojú omi. Kò gbé ojú sókè.

"Elégédé ni," Hoyt wí.

"Kí ló ń jẹ́ elégédé?"

"Búrẹ́dì tí o sọ sómi."

Dwain ń kun gíríìsì lọ. "Ó dùn mí o," ó wí nígbà tó yá. "Ègé mẹ́fà ló ṣì kù. Mo wo àwọn ìjàpá yẹn, mo fẹ́ bẹ́ tẹ̀ lé wọn."

"O rí okùn náà."

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Dwain."

"Mo ti rí i láti oṣù kejìlá, òmùgọ̀! Ta ló ń gbé ọ̀pá mẹ́fà? Ta ló ń mu kọfí ìlàjì ife? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lo fi ń gbin sí mi létí, o rò pé mi ò ní mọ̀ tí o bá ń di èémí mú?" Ó ju àkísà gíríìsì sílẹ̀. "Mò ń retí kí o sọ ọ́ ni. Mo ní bóyá ọ̀la. Bóyá ọ̀la. Nígbà tí ẹja yẹn lọ, mo rí ojú rẹ, mi ò lè dúró de ọ̀la mọ́, mo ní kí n ṣáà wí nǹkan."

Hoyt na ọwọ́ ọ̀tún síta láàárín wọn, ó sì jẹ́ kó gbọ̀n bó ṣe wù ú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí lójú ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọmọ tí ń ṣe ìjọ̀gbọ̀n.

"Kò ní sàn," ó wí. "Mú ọkọ ọmọ Royce. Ọwọ́ ẹ̀ dá."

"Ọmọ yẹn ń súfèé nínú ọkọ̀."

"Mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Ó ń súfèé, ó sì máa ń pè mí ní sà. Ta ni mo fẹ́ bú?"

"Tí mi ò bá lè ju ìwọ̀ mọ́ ńkọ́?"

"Wàá jókòó, wàá máa sọ fún mi pé mò ń ṣe é bí òpè. Ṣebí iṣẹ́ tí o ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà nìyẹn." Dwain nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Nígbà tí Verna lọ, ìwọ lo jókòó sí àtẹ̀gùn mi. Ọjọ́ méjìdínlógún. Mò ń gbọ́ ọ láti inú ilé, gbogbo irọ́ tí ò ń pa nípa omi. Bí kò bá sí irọ́ yẹn, Hoyt, mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀."

Hoyt sunkún. Kò fi ọwọ́ bo ojú, nítorí ọwọ́ náà kò ní ràn án lọ́wọ́. Dwain lọ sínú ilé, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì gbé ọ̀pá kan, ìwọ̀ kan àti àga méjì jáde.

"Fi bí o ṣe ń ta kókó rẹ hàn mí," ó wí.

"Kókó ẹni lẹni ń ta."

"Ta ló ṣòfin yẹn? Àwa náà ni. Jókòó."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fi wà lórí rẹ̀. Ìka Dwain tóbi, ìka apínlẹ́tà, kò mọ ohun kékeré. Hoyt ń fi ẹnu ta kókó, Dwain ń fi ọwọ́ gbọ́. Lẹ́ẹ̀mejì. Gba abẹ́ ẹ̀. Abẹ́ ni mo wí, ṣé etí rẹ náà ń gbọ̀n ni? Fi itọ́ sí i. Itọ́, Dwain, kì í ṣe ìwẹ̀ lo fẹ́ wẹ̀ fún un. Kókó tó lé ní ogún ló bàjẹ́, wọ́n kó wọn jọ sínú ife.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n wà lójú omi, Dwain níwájú, Hoyt lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá kan ṣoṣo. Dwain ti bá a so ìdẹ mọ́ ọn lójú Royce àti gbogbo ẹgbẹ́ ní etí omi, gbogbo ènìyàn sì ń wò wọ́n bí ẹni rí abàmì. Royce kò tún dárúkọ ọkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀gbẹ́ òṣíbàtà kan náà ni. Hoyt ju ìwọ̀, ó gba ìgbà mẹ́ta kó tó bọ́ síbi tó fẹ́. Ó jẹ́ kó rì. Okùn rìn sí ẹ̀gbẹ́, ó fa ọ̀pá, ọ̀pá tẹ̀, Dwain sì ti ń pariwo àwọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ẹja náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, okùn sì dẹ̀.

Hoyt fà á wálé. Dwain kò gbé àwọ̀n sílẹ̀, ó ń wo ẹnu okùn náà bó ti ń yọ nínú omi. Ó ká rìkọ̀tọ̀, bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Kókó Dwain ló yọ̀. Ojú Dwain pọ́n. Ohun tí gbogbo Lankford ń sá fún láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ti wà nìyí, ẹja ti bọ́ lórí kókó ọ̀rẹ́.

Hoyt fi eyín gé ẹnu okùn náà, ó tì í bọ àpò. Ó fa imú.

"Dwain," ó wí, "kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

Dwain gbé àwọ̀n sílẹ̀.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀," ó dáhùn. "Méjì."

"Mo mọ̀," Hoyt wí, ó sì na okùn sí i kó tún un ta.